Páálí Ọ̀gbẹ̀rì: Ìtàn Bí Àlejò Ṣe Ń Wọnú Dungeons & Dragons

Ní oṣù kìíní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde láti ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà nínú páálí aláwọ̀ igi, dọ́là 10 ni wọ́n ń tà á, 1,000 péré sì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe eré náà. Ẹnì kan á jẹ́ olùdarí, òun ni yóò máa ròyìn ohun tó wà níwájú àwọn yòókù: ihò abẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀kùn tó tì, ẹranko abàmì tó sùn ti ìṣúra. Àwọn yòókù á mú ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, jagunjagun tàbí oṣó, wọn á sì sọ ohun tí ẹ̀dá náà fẹ́ ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè yọrí tó sì tún lè forí ṣánpọ́n, dáìsì ni yóò pinnu.

Eré yìí dùn, ṣùgbọ́n àwọn ìwé mẹ́ta náà kò ṣeé fi kọ́ ọ. Àwọn tó ti ń ṣe eré ogun tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n tiẹ̀ gbà pé òǹkàwé ti ní Chainmail, eré ogun tí Gygax àti Jeff Perren ṣe ní 1971, lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ní láti jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, bí ọmọdé ṣe ń jókòó ti àgbà nídìí ọpọ́n ayò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, á gbé e délé nígbà ìsinmi, àbúrò rẹ̀ á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ ọmọ tí kò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n nítòsí?

J. Eric Holmes, oníṣègùn ọpọlọ tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Southern California, ló kọ́kọ́ kojú ìbéèrè yẹn. Ó bẹ ilé-iṣẹ́ TSR tó ni eré náà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún òfin rẹ̀ tò fún ọ̀gbẹ̀rì. Ní 1977 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú páálí tirẹ̀, ìpele kìíní sí ìkẹta ẹ̀dá-ìtàn nìkan ló sì kọ́ni. Eré náà tà débi pé dáìsì wọ́n. Nínú àwọn páálí kan, bébà tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: ọmọ á gé e wẹ́wẹ́, á kó o sínú ife, á sì máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ láìwò ó. Ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ kan sọnù ní Michigan, àwọn ìwé ìròyìn sì di ẹ̀bi ru eré náà. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ àwọn tí kò gbọ́ orúkọ eré náà rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Tom Moldvay tún òfin náà kọ ní 1981, ó sì mọ́ gaara ju ti Holmes lọ. Ó kọ àpẹẹrẹ ìjíròrò àwọn tó ń ṣeré sínú ìwé náà. Níbẹ̀ ni olè kan tó ń jẹ́ Black Dougal ti fọwọ́ kan àpótí, abẹ́rẹ́ olóró gún un, ó kú.

Ti Frank Mentzer, páálí pupa ti 1983, ni mo fẹ́ràn jù. Larry Elmore ló ya jagunjagun àti dírágónì sí ojú rẹ̀. Dáìsì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kíréyọ̀n tí ọmọ á fi kun ojú nọ́ńbà kó lè hàn. Bí o bá ṣí ìwé rẹ̀, ìtàn ni yóò kọ́kọ́ bá ọ pàdé, ìwọ gan-an sì ni jagunjagun inú rẹ̀. Ejò ńlá kan dojú kọ ọ́ nínú ihò. Ibẹ̀ lo ti mọ bí a ṣe ń ju dáìsì láti jà àti bí oró ṣe ń ṣiṣẹ́. O wá bá Aleena pàdé, obìnrin olùfọkànsìn kan. Ó gbàdúrà, ọgbẹ́ rẹ san, ẹ sì jọ ń bọ̀. Kò pẹ́, oṣó burúkú kan tó ń jẹ́ Bargle ta ọfà idán, Aleena sì kú. Òfin ń wọ òǹkàwé lára láìmọ̀, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Aleena ló ká a lára. Ọ̀pọ̀ tó ka ìwé yẹn lọ́mọdé ṣì ń bínú sí Bargle títí dòní. Lójú tèmi, kò sí ìwé eré tó mọ ọ̀nà àtikọ́ ọ̀gbẹ̀rì tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú ni Steve Jackson àti Ian Livingstone ti gbé The Warlock of Firetop Mountain, ìwé eré tí ẹnì kan lè dá ṣe, jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Games Workshop sílẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì ń kó Dungeons & Dragons wọlé síbẹ̀. Ìpín 400 ni ìwé wọn ní, ó sì to ọmọ tó dá wà: pẹ́ńsù, dáìsì méjì, ó ti tán.

Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR ní 1997. Páálí ọ̀gbẹ̀rì tí wọ́n ṣe ní 2014 ní ẹ̀dá-ìtàn márùn-ún tí wọ́n ti ṣe tán, àti ìrìn-àjò kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibùba lójú ọ̀nà, kí olùdarí tuntun má baà ronú púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún kejì, Critical Role bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn òṣèré jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń ṣeré, ayé ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹ̀rì òde òní ti mọ bí eré náà ṣe ń lọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé. Òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2014. Bí ẹ bá pé mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí dáìsì wà, tí ẹnì kan sì gbà láti ṣe olùdarí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.