Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Màlúù Mọ̀

Ẹni tí kò bá tíì dé odò ẹran Oko Ọba ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kó má sọ pé òun mọ bí ẹran ṣe ń dénú ìkòkò ọbẹ̀ ní Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa làwọn alápatà ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Àwọn ìyá tó ń ra ṣàkì àti àbọ́dí ti jókòó ti abọ́ wọn, àwọn tó kó màlúù wá láti Òkè Ọya ń ka owó, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn nínú gọ́tà bí omi òjò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ alápatà níbẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, mo bá òun àti dókítà ẹran nídìí fùkù kan. Fùkù náà le gbagidi, ó lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Nígbà tí wọ́n là á, inú rẹ̀ rí bí òkúta mábù, ibì kan pupa, ibì kan funfun. Dókítà ní kí wọ́n dà á nù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó,” ni ọ̀rẹ́ mi wí. “Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹran yìí fi rìn wọlé lánàá. Kò wúkọ́, kò ṣubú. Ìgbà wo ló wá ṣàìsàn?”

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹnu rẹ̀ ni kò lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mọ nǹkan? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Àrùn tó mú fùkù yẹn ni àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní C.B.P.P. Èémí ni màlúù kan fi ń kó o ran èkejì. Kì í ran ènìyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí mi da ọbẹ̀ rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ darandaran di òtòṣì. Ọkọ̀ ojú omi gbé e láti ilẹ̀ Netherlands dé Gúúsù Áfíríkà ní 1853, ó sì wọ Ọsirélíà ní 1858.

Ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Jules Bordet, ló ṣí wa lójú sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ mọ̀. Ní nǹkan bí 1895, kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, omi kan tó rí rúsúrúsú a máa dá dúró lórí rẹ̀. Bordet rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ara rẹ̀ ti mọ kòkòrò àrùn kan lè pa kòkòrò náà. Ó mú un gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 55, agbára náà sì pòórá. Ó wá bu omi ẹ̀jẹ̀ tútù díẹ̀ sí i, láti ara ẹran tí kò mọ àrùn náà rí. Agbára padà dé!

Ó hàn gbangba pé nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan kò bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n ìgbà tí ara bá ti pàdé àrùn ló tó ń wá. Ìyẹn ni antibody. Èmi yóò máa pè é ní afinihàn. Èkejì, iná díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó wà lára ẹran tó mọ àrùn náà àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Paul Ehrlich, ará Jámánì, ló sọ ọ́ ní complement, ìyẹn ohun tó ń bá èkíní ṣe iṣẹ́ ní àṣepé. Bordet gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1919.

Ẹ jẹ́ kí n fi àdúgbò wa ṣàpèjúwe. Olè wọ ọgbà lóru. Ẹnì kan tó dá a mọ̀ di aṣọ rẹ̀ mú, ó figbe ta. Kò lágbára láti mú olè nìkan, afinihàn nìyẹn. Àwọn aládùúgbò tó ń sùn ni complement. Wọ́n lé ní ọgbọ̀n, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀dọ̀ kan náà tí à ń rà lọ́wọ́ alápatà. Igbe jí ẹni àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ jí èkejì, èkejì jí ọ̀pọ̀. Àgbà wọn ni C3. Bó bá jí, a pín sí méjì: èyí tó tóbi a lẹ̀ mọ́ olè bí àtè, kí àwọn funfun inú ẹ̀jẹ̀ lè rí i gbé mì; èyí tó kéré a sáré lọ pe èrò sí i. Àwọn tó kẹ́yìn a so pọ̀ bí òrùka, wọn a dá ihò sára kòkòrò náà, omi a rọ́ wọ inú rẹ̀, a sì bẹ́.

Nígbà mìíràn wọn kì í dúró de igbe. Ara àjèjì nìkan ti tó láti jí wọn. Ara ẹran sì ní àwọn ohun tó ń dá wọn lẹ́kun, kí wọ́n má baà lu onílé pa mọ́ olè.

Báwo lèyí ṣe kan fùkù Oko Ọba? Ní 1901, Bordet àti Octave Gengou rí i pé bí complement bá ti lò tán síbì kan, kò sí mọ́ fún ibòmíràn. Orí ọgbọ́n yìí ni Campbell àti Turner ní Ọsirélíà gbé àyẹ̀wò C.B.P.P. wọn kà ní 1953. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ màlúù, wọ́n á mú omi rẹ̀ gbóná kí complement tirẹ̀ lè kú. Wọ́n á fi èròjà kòkòrò àrùn náà sí i, àti complement láti ara guinea pig, ẹranko kékeré kan tó jọ ẹmọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí afinihàn ti dì mú tẹ́lẹ̀ sí i. Bí màlúù náà kò bá mọ àrùn, complement ṣì wà lómìnira, yóò bẹ́ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn, omi yóò pupa láú. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ àrùn, àwọn aládùúgbò ti jáde lọ sí ilé àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tí yóò kan ilé kejì. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn yóò sílẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti jẹ́rìí nìyẹn. Àyẹ̀wò náà lè fo ẹran kan dá, ṣùgbọ́n ó dára fún dídájọ́ agbo lódindi.

Àwọn ará Ọsirélíà fi àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀nà mìíràn ṣọ́ agbo wọn, wọ́n ń pa èyí tó bá ní àrùn, wọ́n ń dá ẹran dúró kó má rìn kiri. Ní 1973 wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán nílẹ̀ wọn.

Àwa náà kò jókòó lásán. Láti 1924 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti wà ní Vom, lẹ́bàá Jos. Àrùn rinderpest ni wọ́n kọ́kọ́ kojú, ní 2011 sì ni gbogbo ayé kéde pé kò sí i mọ́. Vom ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára C.B.P.P. pẹ̀lú. Síbẹ̀, àrùn fùkù ṣì wà láàárín wa. Ẹran tó bá yè é lè máa gbé e kiri láìwúkọ́, a sì máa ń kó ẹran láti ìpẹ̀kun Àríwá dé Èkó, agbo ń pàdé agbo lójú ọ̀nà.

Mo padà sọ gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti mọ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé orí tábìlì mi ni mo ti gbọ́? Èmi tí mo ti sanwó!”

Mo rò ó títí, mi ò rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Dókítà tó ń dúró de ẹran ní odò ẹran, ìparí ọ̀nà ló wà. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹran sínú ọkọ̀ ló yẹ kí a ti bi ẹ̀jẹ̀ léèrè. Ìgbà tí a bá ti la fùkù ní Oko Ọba, ẹlẹ́rìí ti pẹ́ jù kó tó sọ̀rọ̀, agbo tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn sì ti mí èémí rẹ̀ sínú.