Róbọ́ọ̀tì Olùrànlọ́wọ́ fún Aláàbọ̀ Ara Nídìí Kọ̀ǹpútà

Róbọ́ọ̀tì olùrànlọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ jẹ́ ẹ̀rọ, tó sábà máa ń ní apá àti ìka, tó ń bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ gbé nǹkan, tó sì ń bá a gbé e kalẹ̀, kí onítọ̀hún lè máa bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnìkan dúró tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni àwọn tó fara pa ní ọrùn tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn tí àrùn ẹ̀gbà kọlù, àti àwọn tí àìsàn ń gba agbára iṣan wọn díẹ̀díẹ̀.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro tó le jù, nítorí ọ̀nà láti darí ẹ̀rọ láìfọwọ́ kàn án ti wà tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Reg Maling ti ṣe ẹ̀rọ POSSUM ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èémí ẹnu ni wọ́n ń fi darí rẹ̀: bí aláìsàn bá fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá tín-ín-rín kan tàbí tó fà á, ẹ̀rọ á tẹ lẹ́tà tó fẹ́. Lónìí, ohùn, ojú, orí àti àgbọ̀n ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Wàhálà tó kù wà lára àwọn nǹkan tó yí kọ̀ǹpútà ká: ìwé tó wà lórí pẹpẹ, bébà tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ife omi, oògùn ọ̀sán. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbé wọn, iṣẹ́ dúró nìyẹn, bó ti wù kí ọpọlọ òṣìṣẹ́ náà pé tó.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford àti ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Palo Alto ṣe DeVAR. Wọ́n mú apá róbọ́ọ̀tì PUMA, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, wọ́n so ó kọ́ sókè tábìlì, ẹni tó jókòó sí tábìlì sì ń fi ohùn pàṣẹ fún un. Ọ̀kan dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ Pacific Gas and Electric ní San Francisco, lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó ń bá a gbé bébà àti díìsìkì, ó sì ń fún un ní ohun mímu, nítorí ẹni tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́ látàárọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ Yúróòpù náà ṣe irú tirẹ̀, RAID, lẹ́yìn ọdún 1990.

Nígbà tó yá, díìsìkì di ohun àtijọ́, bébà sì wọ inú kọ̀ǹpútà lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí apá wọ̀nyí ń gbé kò sí mọ́. Ibi tí nǹkan tó ṣeé dì mú ṣì pọ̀ sí ni wọ́n ti wúlò jù, ìdí sì nìyẹn tí ilé ìkàwé fi jẹ́ ibi tó yẹ láti dán wọn wò.

Yunifásítì Bremen ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí FRIEND ní ọdún 1997, lábẹ́ Axel Gräser. Apá róbọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé lé àga onítáyà tó ń lo iná ni, pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń wo ohun tó wà níwájú. Lẹ́yìn ọdún 2010, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì náà, níbi tí obìnrin kan tí kò lè lo ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ti ń kọ àwọn ìwé àtijọ́ sínú àkójọ orí kọ̀ǹpútà. Róbọ́ọ̀tì á mú ìwé kan látorí kẹ̀kẹ́ ìwé, á gbé e síwájú rẹ̀, obìnrin náà á ka àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé, á fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni róbọ́ọ̀tì á gbé ìwé náà kúrò. Iṣẹ́ yìí ṣòro fún ẹ̀rọ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ìwé méjì kì í dọ́gba: èyí nípọn, èyí fẹ́lẹ́, èyí sì rọ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà kò bá dá ìwé mọ̀ dáadáa, òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ apá náà sọ́nà. Ìṣètò yìí ló dára jù nínú FRIEND, torí pé ó fi àṣẹ sílẹ̀ fún ẹni tó ni iṣẹ́, kò sọ ọ́ di òǹwòran.

Ní Tókíò, ọ̀nà mìíràn ni ilé iṣẹ́ Ory Laboratory gbà. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ilé kọfí kan tí àwọn róbọ́ọ̀tì OriHime ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń gbé kọfí fún wọn. Àwọn aláàbọ̀ ara tó wà nílé ló ń darí wọn láti orí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn lórí ibùsùn, ẹlòmíràn pẹ̀lú ojú nìkan, àwọn òṣìṣẹ́ yìí sì ń gba owó iṣẹ́ wọn.

Fún ẹni tó fẹ́ ra apá tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ àga onítáyà ni wọ́n ti gbé wá sọ́jà: MANUS láti Nẹ́dálándì, àti JACO láti ilé iṣẹ́ Kinova ní Kánádà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Charles Deguire, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, fi orúkọ JACO rántí arákùnrin òbí rẹ̀, Jacques, tí àrùn ti gba agbára iṣan rẹ̀, tó sì ti fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti ṣe apá ẹ̀rọ tí yóò máa fi jẹun. Iye owó ni ìdènà ńlá: ẹgbẹẹgbàárùn-ún dọ́là ni apá kan ń náni, ó ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ní Nẹ́dálándì, níbi tí ètò ìlera ti máa ń bá aláìsàn san owó MANUS tẹ́lẹ̀, kì í ṣe olówó nìkan ló ní in.