Bí Ìtọ́jú Èémí Ṣe Bọ́ Sọ́wọ́ Aláìsàn

Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá dí ọ̀nà èémí, oògùn nìkan kì í sábà tó. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí kò bá jáde a máa bàjẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn mìíràn a sì tibẹ̀ yọ.

Ní ọdún 1901, oníṣègùn William Ewart ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn The Lancet, ní Lọ́ńdọ̀nù, pé ìdùbúlẹ̀ àti ìdárayá èémí lè ran irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí orí bá rẹlẹ̀ ju àyà lọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò máa ṣàn bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, nítorí pé ibi tí ó rẹlẹ̀ ni omi í wá. Ní 1915, Cortlandt MacMahon kọ̀wé nípa ìdárayá èémí fún àwọn tí wọ́n gbọgbẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan ṣẹ́ kù: ẹlòmíràn ni ó ní láti máa gbá aláìsàn láyà àti lẹ́yìn. Ní 1979, Jennifer Pryor àti Barbara Webber, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ní ilé-ìwòsàn Brompton, pẹ̀lú àwọn oníṣègùn, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí àìsàn àjogúnbá mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ki. Aláìsàn yóò la ẹnu, yóò fi agbára mí sóde lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì rọra mí kí ó tó tún un ṣe. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó jáde pọ̀ sí i, àkókò sì dín kù.

Ọgbọ́n yìí kò pa àìsàn náà rẹ́. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní in lè tún ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣe ní òwúrọ̀, kí ó sì lọ sí kíláàsì láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe.