Ibi tí ìrù màlúù mọ

"Màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin." Àwọn tó ń jáde dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pa òwe yìí jù: opó tó tọ́ ọmọ yanjú, ẹni tó dìde lórí àìsàn tí gbogbo ilé ti sọ̀rètí nù, oníṣòwò tí rògbòdìyàn lé kúrò nílùú kan tó tún rí ìsọ̀ gbà nílùú mìíràn. Bí wọ́n bá ti pa á, ìjọ á ṣe "Àmín", akọrin á gbe orin. Ìbéèrè kan wà tí a kì í dúró bi òwe náà: màlúù tó ní ìrù ńkọ́? Ta ní ń bá a lé tirẹ̀?

Ẹni tó ń gbé Dakace, létí Zaria ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, kò ní wá ìdáhùn jìnnà, nítorí agbo màlúù kò wọ́n lágbègbè náà. Ẹ wo akọ màlúù onírù gígùn nígbà tí oòrùn bá mú. Ìrù ń jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, eṣinṣin kò gbọ́dọ̀ bà sí ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀: wọ́n ti ṣù bo ẹyinjú, wọ́n ń lá omi tó ń sun níbẹ̀, ìrù kò sì lè dé ibẹ̀ láé. Á gbọn orí, á ju etí. Wọ́n á fò, wọ́n á tún bà. Lékèélékèé tó ń rìn létí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a ṣa díẹ̀ jẹ nínú wọn. Ẹyẹ náà kò mọ̀ pé òun ń ṣoore. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá kiri.

Òwe náà wá fẹjú ju bí a ti ń lò ó lọ. Kò sí màlúù tí ìrù rẹ̀ ká gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí aláìnírù fi ju onírù lọ ni pé òun ti mọ̀ pé òun nílò ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, bí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìmọ̀ tàbí owó bá ń pariwo pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, irọ́ ló ń pa, irọ́ kì í sì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Onírẹ̀lẹ̀ a mọ ibi tí ìrù òun dé, a sì mọ ọwọ́ tí Ọlọ́run fi bá òun lé èyí tó kù. Pọ́ọ̀lù kò sẹ́ pé òun ṣiṣẹ́. Nínú ìwé kìíní tó kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 15, ó sọ gbangba pé òun ṣe ju àwọn àpọ́sítélì yòókù lọ, kó tó wá ka gbogbo rẹ̀ sí oore-ọ̀fẹ́ lọ́rùn.

Nínú ìtàn tiwa, Àjàyí Crowther ni mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1821 tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọdé aláìnírù ni. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tó gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tó fi máa di 1864 tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ìrù ti gùn: onímọ̀ èdè ni, olùtúmọ̀ Bíbélì ni, ó ti dé iwájú Ọbabìnrin Victoria. Síbẹ̀ ó lọ́ tìkọ̀ nípa oyè náà, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS, ló rọ̀ ọ́ kó tó gbà.

Ọkùnrin yìí kò fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe àwáwí fún ìwà ọ̀lẹ. Ní 1841, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì arìnrìn-àjò wọ Odò Ọya, ibà sì pa òyìnbó tó lé ní 40. Ní 1854, ó tún bá Dókítà Baikie gun Odò Bẹ́núé nínú ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń lo kuinínì lójoojúmọ́, ibà kò sì pa òyìnbó kankan. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run kò ní ìdí láti máa bá oògùn ṣọ̀tá.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ̀lẹ̀ kì í ṣe kí a pa ẹnu mọ́ lójú ìrẹ́jẹ. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí CMS rán wá, tí wọ́n ka ìwà mímọ́ tiwọn sí ju ti ẹni tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ, jókòó ìgbìmọ̀ ní Oníṣà, wọ́n dá àwọn àlùfáà Crowther dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó ti lé ní 80 ọdún gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Robinson àti Brooke wà lára àwọn ọ̀dọ́ náà. Ilẹ̀ Hausa gan-an ni wọ́n ń lé. Wọn kò dé ibẹ̀: Robinson kú ní 1891, Brooke ní 1892. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀san. Wọ́n fẹ́ràn Olúwa, ìgboyà wọn kò sì kéré. Ìrù ẹ̀dá ni kò gùn tó bí wọ́n ti rò.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1900, Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell, Dókítà Walter Miller àti ẹlẹgbẹ́ wọn gbéra ní Èkó, wọ́n gba Zaria kọjá lọ sí Kánò. Ọba Kánò ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n padà sí Girku nítòsí Zaria, ikú sì mú ọ̀kan nínú wọn lọ níbẹ̀. Nígbà tí Miller máa fìdí kalẹ̀ ní Zaria ní 1905, ìyọ̀ǹda ọba Zaria, Aliyu, ni ó fi wọlé. Mùsùlùmí ni ọba yìí, kò sì ní in lọ́kàn láti di Kristẹni. Ọwọ́ tí Ọlọ́run nà sí àwọn míṣọ́nnárì náà nìyẹn, ọwọ́ tí wọn kò yàn fúnra wọn.

Ní 1913, Miller dá abúlé kan sílẹ̀ ní Gimi fún àwọn Isawa, àwọn Hausa tó ti ń bọlá fún Ìsá láti inú Kùránì kí míṣọ́nnárì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àrùn sùnrunsùnrun, tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, ló tú abúlé náà ká. Dókítà tòótọ́ ni Miller o. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí eṣinṣin tí ìmọ̀ rẹ̀ kò lè lé. Àwọn tó ṣẹ́kù padà sí Zaria, wọ́n sì wà lára ìpìlẹ̀ ìjọ tó kó lọ sí Wusasa ní 1929. Nígbà tí odidi Bíbélì jáde lédè Hausa ní 1932, orúkọ Miller ló hàn níta, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Hausa tó bá a jókòó ló mọ bí gbólóhùn ṣe ń dún létí ọmọ onílé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń dúpẹ́ lónìí nìyí. Ó rọrùn láti sọ pé "Ọlọ́run nìkan ló ṣe é", nítorí gbólóhùn yẹn lè jẹ́ kí a gbójú fo gbogbo ẹni tí Ọlọ́run rán. Nọ́ọ̀sì tó jí lóru, aládùúgbò Mùsùlùmí tó fi ẹbí wa pamọ́ nígbà ìjà, ọmọṣẹ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí a wà lórí bẹ́ẹ̀dì: gbogbo wọn á jókòó sẹ́yìn láìgbọ́ orúkọ wọn, àwa á sì máa bínú pé wọn kò fún wa ní ìjókòó iwájú. Ìrẹ̀lẹ̀ orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò nira. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí tirẹ̀ ti jinlẹ̀ tó, kó má ṣe bi ìjọ tó ń ṣe "Àmín". Kó lọ bi ọmọṣẹ́ rẹ̀.