CV Ògúnmọ́lá

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tẹ CV yín ní Bẹẹrẹ, ẹ wá gbọ́ ìtàn.

2/ Láyé ogun, oyè Ìbàdàn kì í ṣe ogún bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń gbéni ga. Fẹ́sù lẹ́bàá Ìwó ni Ògúnmọ́lá ti wá.

3/ Ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀: Ọ̀tún Balógun ni nígbà ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862. Ìjàyè fọ́. Ní 1865, ó di Baṣọ̀run.

4/ CV tiwa ńkọ́? Ọjọ́ ìbí, ìlú bàbá, ẹ̀sìn, "mo máa ń ṣiṣẹ́ kára". Ojú ìwé ti kún, a ò tíì débi iṣẹ́!

5/ Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ò mọ bàbá yín. Ohun tẹ́ ẹ ṣe, iye ẹ̀, ọdún ẹ̀: ẹ kọ ọ́ sókè pátá.