Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Láti Gbógun Ti Jìbìtì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fífi irọ́ gba owó tàbí dúkìá ẹlòmíràn, nígbà tí ó bá jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ni irọ́ náà gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a lù ní jìbìtì. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ gbájú-ẹ̀. Ohun tí ó sọ èyí di ọ̀tọ̀ ni pé ẹni tí ń purọ́, ẹni tí ó gba irọ́ náà gbọ́, báǹkì tí owó gbà kọjá àti ibi tí ó gúnlẹ̀ sí lè wà ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó a máa kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ìwé tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ kan kọ sí ti ilẹ̀ mìíràn lè pẹ́ ju ọdún kan lọ lójú ọ̀nà. Àlàfo yìí ni àwọn oníjìbìtì fi ṣe ibùgbé, òun náà sì ni Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gbìyànjú láti dí láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé.

Jìbìtì náà ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, 419, wá láti inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn, tí abala 419 rẹ̀ sì de fífi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí nǹkan sì le fún ará ìlú, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun, lẹ́yìn náà fáàsì. Ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìjọba ní owó ribiribi tí ó fẹ́ kó jáde, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a gbà á sí àkáǹtì. Kìkì pé olùrànlọ́wọ́ náà yóò kọ́kọ́ san owó díẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ológun gbé òfin jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n kò sí àjọ kan pàtó tí a dá sílẹ̀ láti mú un ṣẹ, òkun sì wà láàárín adájọ́ ní Èkó àti ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó yí ìtàn padà ni ti Banco Noroeste, báǹkì kan ní São Paulo ní ilẹ̀ Bràsíl. Láti ọdún 1995 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, ọ̀gá ẹ̀ka ilẹ̀ òkèèrè báǹkì náà ń fi owó báǹkì ránṣẹ́ sí àwọn àkáǹtì káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé Nàìjíríà fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí Abuja, àti pé bí ó bá fi owó sí i, mílíọ̀nù 10 dọ́là ni èrè tirẹ̀ yóò jẹ́. Emmanuel Nwude, tí ó ti jẹ́ olùdarí ní Union Bank, ni ó pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní àsìkò náà. Kò sí pápákọ̀ kankan. Ìgbà tí báǹkì Santander ti ilẹ̀ Sípéènì ń ra Noroeste ni wọ́n béèrè ìdí tí owó tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi wà ní erékùṣù Cayman láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ, àṣírí sì tú. Mílíọ̀nù 242 dọ́là ni àdánù náà: nǹkan bíi mílíọ̀nù 191 jẹ́ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìyókù sì jẹ́ èlé tí kò wọlé mọ́. Àwọn ìdílé tí ó ni báǹkì náà fi owó ara wọn dí ihò yìí kí títà rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Bràsíl ni wọ́n ti jalè, àkáǹtì Cayman ni owó ti jáde, Nàìjíríà ni àwọn tí wọ́n gbèrò rẹ̀ wà. Ọ̀gá báǹkì náà fúnra rẹ̀, New York ni wọ́n ti mú un ní ọdún 2002, Swítsàlandì ni wọ́n sì fà á lé lọ́wọ́. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú wọn tí ó lè dá ẹjọ́ náà gbọ́ tán. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Láàárín àkókò yìí ni ìyà ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Nàìjíríà lápapọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, FATF, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tí ń ṣọ́ ìrìn owó ìwà ọ̀daràn láti Paris, kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé àwọn ilẹ̀ tí kì í fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ìtìjú lásán, nítorí báǹkì òkèèrè a máa fojú ìfura wo owó tí ó bá ti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ìbáà ṣe ti olódodo tàbí ti olè. Ní òpin ọdún 2002 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tí ó dá EFCC sílẹ̀, àjọ tí ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn nípa owó. Nuhu Ribadu ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún 2003. Ó tọ́ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé ìfúngun láti òde bí àjọ yìí tó bí ìfẹ́ inú ilé ti bí i.

EFCC gbé ẹjọ́ Noroeste lọ sí Abuja ní ọdún 2004. Adájọ́ ní ilé ẹjọ́ òun kò ní agbára láti gbọ́ ọ, nítorí pé Èkó ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún àwọn afurasí mú tí wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni ọ̀gá báǹkì ilẹ̀ Bràsíl náà ti jẹ́rìí. Lẹ́yìn ẹ̀rí rẹ̀, Nwude gbà pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ó ní kí ó san mílíọ̀nù 10 dọ́là owó ìtanràn, kí dúkìá rẹ̀ sì lọ fún àwọn tí ó jà lólè. Ní ọdún kan náà EFCC dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là padà fún obìnrin àgbàlagbà kan ní Hong Kong tí wọ́n ti lù ní jìbìtì. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà ọdún 2006, FATF yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò nínú ìwé rẹ̀.

Lábẹ́ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àdéhùn ni òpó. Èyí tí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà fi ń fa afurasí lé ara wọn lọ́wọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1931, tí òmìnira sì bá níbẹ̀. Títí di òní, ìwé tí a kọ nígbà ìjọba amúnisìn ni a fi ń fa ọmọ tí ó fi fóònù lu jìbìtì lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Àdéhùn ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀rí, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1989, kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù kìíní ọdún 2003.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ṣòro ju ìwé kíkọ lọ. Ní ọdún 2007, NFIU, ẹ̀ka tí ń tú ìròyìn nípa ìrìn owó wò ní Nàìjíríà, wọ Ẹgbẹ́ Egmont, níbi tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ ti ń fi àṣírí owó han ara wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Egmont dá Nàìjíríà dúró: inú EFCC ni NFIU wà, kò dá dúró fúnra rẹ̀, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì ń kọminú lórí ààbò àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́. Òfin tuntun tí ó yọ NFIU kúrò lábẹ́ EFCC jáde ní ọdún 2018, ìdádúró náà sì kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Nígbà yìí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ipò fáàsì. Òfin tí Nàìjíríà tún ṣe lórí 419 ní ọdún 2006 pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe káfè íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC. Kò pẹ́ tí fóònù fi sọ káfè di ohun àtijọ́. Ohun tí Nàìjíríà ń pè ní “Yáhóò” ni Gánà ń pè ní sakawa. Ní Côte d'Ivoire, brouteur ni wọ́n ń pe àwọn oníṣẹ́ náà, ìyẹn ẹran tí ń jẹko lórí ilẹ̀ tí kò gbìn. ECOWAS gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2011, Nàìjíríà sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2015. Àdéhùn tí ó gbéṣẹ́ jù ni ti Budapest, tí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001. Sẹ̀nẹ̀gàl wọ̀ ọ́ ní ọdún 2016, Gánà ní ọdún 2018, Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2022. Ó ní kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ́fíìsì kan tí yóò máa dáhùn tọ̀sán-tòru, kí ó sì lè pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ pa á mọ́ kí ó má baà parẹ́, nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ìdí tí àkókò fi ṣe kókó hàn gbangba nínú jìbìtì orí ímeèlì àwọn oníṣòwò. Oníjìbìtì a yọ́ wọ inú ímeèlì ilé iṣẹ́ kan, a máa ka ohun tí wọ́n ń bá oníbàárà sọ, nígbà tí ọjọ́ ìsanwó bá dé, a fi nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn ránṣẹ́. Bí ẹni tí wọ́n lù bá tètè pariwo láàárín wákàtí 72, ó ṣeé ṣe kí báǹkì méjèèjì dá owó náà dúró. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ti pín in. FBI àti EFCC ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí irú èyí ní ọdún 2018: ènìyàn 74 ni wọ́n mú, 29 nínú wọn ní Nàìjíríà, 42 ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2019, iye náà di 281, Nàìjíríà nìkan sì mú 167, Túrkì mú 18, Gánà mú 15. A rí i níhìn-ín pé Nàìjíríà ni ó mú ènìyàn jù lọ ní ọdún kejì yẹn. Nínú iṣẹ́ tí Interpol ṣe kókáárí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ọdún 2024, ilẹ̀ Áfíríkà 19 mú ènìyàn 1,006, iye tí a ka àdánù náà sí sì súnmọ́ mílíọ̀nù 193 dọ́là.

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ jù ni ti Ramon Abbas, tí a mọ̀ sí Hushpuppi. Dubai ni wọ́n ti mú un ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ní Los Angeles sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù 135 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ó ní kí ó dá mílíọ̀nù 1.7 dọ́là padà. Ariwo ẹjọ́ yẹn pọ̀. Síbẹ̀ ọ̀kan tí ariwo rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ wúwo jù ú lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Michigan pa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn kan láti Èkó, tí wọ́n fi ara wọn hàn bí ọmọbìnrin, gba àwòrán ìhòòhò rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi halẹ̀ mọ́ ọn. Nàìjíríà fa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Kò sí owó kankan tí ẹjọ́ yìí lè dá padà fún àwọn òbí ọmọ náà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2024, EFCC wọ ilé alájà méje kan ní Victoria Island, Èkó, ó sì mú ènìyàn 792. Ọmọ Ṣáínà 148 àti ọmọ Filipínì 40 wà nínú wọn. Àwọn àjèjì yìí ni ọ̀gá; àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa bá àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù, títí wọn yóò fi fi owó sínú òwò tí kò sí. Ilé ẹjọ́ ní Èkó ni ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí a ti dá lẹ́bi padà sí ilẹ̀ wọn láti Nàìjíríà.