Lẹ́tà tí "Steve" fọwọ́ sí

Ní ọdún 1962, obìnrin kan tí ń jẹ́ Stephanie Shirley dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. £6 péré ni owó tí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣòwò ńlá pé òun lè bá wọn kọ ètò tí kọ̀ǹpútà wọn yóò máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n lẹ́tà ń lọ, èsì kì í bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa fọwọ́ sí i ní "Steve", tí í ṣe orúkọ ọkùnrin. Ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Kí wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni, ó ti wọlé, ó ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ojú obìnrin yìí ti rí nǹkan. Dortmund ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1933. Adájọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ Júù, ìjọba Násì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Stephanie nígbà tí wọ́n fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin tí ń kó àwọn ọmọ Júù sá àsálà, láìsí ìyá, láìsí bàbá. Ọwọ́ alágbàtọ́ ni ó dàgbà sí. Ilé-ìwé ọmọkùnrin ni ó ti ń lọ kọ́ ìṣirò, nítorí pé wọn kì í kọ́ ọ ní ilé-ìwé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kíláàsì alẹ́ fún ọdún mẹ́fà títí ó fi gba oyè.

Àwọn wo ni ó gbà síṣẹ́? Àwọn obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí ìgbéyàwó tàbí ọmọ bíbí ti mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ni olúkúlùkù ti ń ṣe é. Lẹ́ẹ̀dì àti ìwé ni wọ́n fi ń kọ ètò náà. Wọn yóò fi ránṣẹ́ nípa ìfìwéránṣẹ́, kí àwọn mìíràn tó lu ihò sí páálí tí kọ̀ǹpútà lè kà. Bí oníbàárà bá pè lórí tẹlifóònù, Stephanie a tan téèpù tí ó gba ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀, kí igbe ọmọ má baà tú u fó. (Ẹ̀rín pa mí níbí yìí.) Ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ni ètò àpótí dúdú ọkọ̀ òfuurufú Concorde ti jáde.

Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́ta péré ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí òfin 1975 dé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya akọ sọ́tọ̀ lára abo níbi iṣẹ́, òfin tí wọ́n ṣe láti gba obìnrin sílẹ̀ ni ó sọ ọ́ di dandan fún un láti ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin!

Ó pín ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, 70 nínú wọn sì di mílíọ́níà. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń yìn ín fún. Ní tèmi, Giles, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni mo ń rò. Ọmọ náà ní ọ́tísímù. Kò ju ọmọ ọdún méjì àbọ̀ lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó ń sọ tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyá ti ń darí ilé-iṣẹ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, títí àárẹ̀ fi wó òun náà lulẹ̀. Giles kú ní 1998, ní ọmọ ọdún 35. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-ìwé Prior's Court, tí ìyá rẹ̀ fi owó rẹ̀ dá sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣílẹ̀kùn.